Bí ẹ ṣe lè dá agbo orin sílẹ̀ lójú títì Ìbàdàn, kí ó sì dúró

Ìbéèrè kan náà ni àwọn onílù àti olórin Ìbàdàn ń bi mí ṣáá: "A fẹ́ máa jáde síta ṣeré. Ibo la ó dúró sí? Ta la ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Báwo lowó ṣe máa wọlé tí wọn ò fi ní pè wá ní alágbe?" Ìdáhùn mi rèé lẹ́ẹ̀kan náà, ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Ohun kan wà tí mo gbà gbọ́ gidigidi: ibi kan, ọjọ́ kan, àkókò kan ló ń mú agbo dúró. Ẹgbẹ́ tó ń lù fún onímọ́tò lónìí, tó ń lé ìyàwó ojú ọ̀nà kiri lọ́la, lè rí owó ọbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ní olólùfẹ́. Ẹgbẹ́ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, iwájú ilé báyìí ni wọ́n máa wà, àwọn lèèyàn máa ń tẹ̀ lé wọ inú gbọ̀ngàn tí wọ́n á sì sanwó ẹnu ọ̀nà. Owó ọkọ̀, owó epo àti owó oúnjẹ ẹgbẹ́ olórin ti wọ́n débi pé DJ nìkan ni ọ̀pọ̀ aláríyá ń pè báyìí. Bí etí àwọn ọ̀dọ́ ò bá bá ìlù pàdé lójú títì, mi ò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti fẹ́ bá a pàdé.

Ẹgbẹ́ èèyàn mẹ́ta sí mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí, ì báà jẹ́ gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ẹ ń lò, ì báà jẹ́ agídìgbo, sákárà, gìtá tàbí fèrè.

## Kí ẹ tó gbé ìlù jáde

1. Ẹ má pọ̀ jù. Èèyàn mẹ́rin ni mo fẹ́ràn jù: ẹni tó ń lé orin, onígángan, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti elégbè kan tí yóò tún máa mójú tó apẹ̀rẹ̀ owó. Bí ẹ bá ti ju mẹ́fà lọ, owó ọkọ̀ nìkan lè gbé gbogbo ohun tí ẹ pa mì.

2. Ẹ to orin ìṣẹ́jú 40 jọ. Kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọjá lọ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, nítorí náà ẹ lè ṣe ìṣẹ́jú 40 náà lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ ọjọ́ kan, etí ọ̀tọ̀ ni yóò máa gbọ́ ọ. Orin méjì tí tọmọdé-tàgbà mọ̀, orin mẹ́ta tó jẹ́ tiyín, ọ̀kan tí ọmọdé lè gbè, àti ọ̀kan tó tutù. Orin tiyín ni kó wà láàárín. Bí ẹ bá fi orin àwọn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kún gbogbo rẹ̀, èèyàn á jó, wọ́n á sì gbàgbé orúkọ yín kí wọ́n tó délé.

3. Ìta ni kí ẹ ti máa dánrawò. Inú yàrá máa ń tan olórin jẹ. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé tàbí pápá, kí ẹnì kan rìn jìnnà sí yín ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, kó sọ fún yín èyí tí òun gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ orin àti èyí tí ìlù bò mọ́lẹ̀.

4. Ẹ yan agbẹnusọ kan. Bí ọlọ́pàá, babalọ́jà tàbí onílé bá dé, ẹni yẹn nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù á kí i, wọ́n á sì dákẹ́. Ibi tí ẹnu mẹ́rin ti ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

## Ọjọ́ àti àkókò

Ẹ fi Sátidé sílẹ̀. Ọjọ́ òde ni. Onílù tó dára ti wà lóde ìyàwó tàbí òde òkú, ẹ̀yin náà á sì fẹ́ lọ. Ọ̀sán Jímọ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń lọ kírun, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú sì jẹ́ ti ìpàdé Bíbélì ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń sọ fún ẹgbẹ́ tuntun. Ìrọ̀lẹ́ Àìkú náà dára bí ibi tí ẹ yàn bá jẹ́ ibi tí àwọn ìdílé ti ń gbafẹ́.

Ní ti àkókò, ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí ẹ sì parí kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì. Láàárín agogo 4:45 sí 6:15 ìrọ̀lẹ́ lèyí bọ́ sí. Oòrùn ti rọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń padà bọ̀, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú débi pé ẹ ó máa wá iná kiri. Bí ẹ bá ń kọrin lọ lọ́wọ́ tí ẹ gbọ́ ìpè ìrun, ẹ dáwọ́ dúró títí tí yóò fi parí. Èyí nìkan ti sọ ọ̀pọ̀ lèmọ́mù di ọ̀rẹ́ àwọn olórin.

## Yíyan ibi tí ẹ ó dúró sí

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ láìmú ìlù dání, ní ọjọ́ àti àkókò tí ẹ fẹ́ lò gan-an. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ máa wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ṣé wọ́n ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, àbí wọ́n ń sáré bá mọ́tò? Ẹni tó ń sáré bá mọ́tò kò ní dúró, ì báà jẹ́ pé Àyàn fúnra rẹ̀ ló ń lùlù.

2. Ẹ wá ògiri tí ẹ lè kọ ẹ̀yìn sí. Ògiri á ta ohùn yín síwájú, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sẹ́yìn yín níbi tí ẹ ò ti rí ọwọ́ rẹ̀. Fún oní-agídìgbo, dandan ni ògiri, nítorí ohùn irinṣẹ́ yẹn kéré, gbangba sì máa ń gbé e lọ.

3. Ẹ pa àtẹ́wọ́ mẹ́ta. Bí ìró bá ń padà bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ orin á dàrú níbẹ̀. Ẹ ṣí lọ síwájú díẹ̀.

4. Ẹ wo àyè. Bí ọgbọ̀n èèyàn bá dúró yí yín ká, ṣé ìyá tó ru ẹrù ṣì lè kọjá láìbọ́ sí títì? Bí kò bá lè kọjá, ibẹ̀ kọ́ ni.

5. Ẹ wo aládùúgbò: ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀.

6. Ẹ wá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ìbòji kan nítòsí. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò Ìbàdàn kì í bèèrè.

Ní ti ibi pàtó, èrò tèmi rèé. Ẹ jìnnà sí Ìwó Road àti gáréèjì ńlá èyíkéyìí. Ariwo ọkọ̀, agbèrò àti ìkánjú èrò ti pọ̀ jù. Abẹ́ bíríìjì Mọ́kọ́lá náà ò dára, nítorí ohùn ń padà bọ̀, ọkọ̀ ò sì dáwọ́ dúró. Àdúgbò Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ní èrò tó pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ní ẹni tó ni ín ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹ ò lè kàn já wọ ibẹ̀ láìgba ìwé. Ibi tí mo máa ń rán ẹgbẹ́ tuntun lọ ni iwájú àwọn ilé oúnjẹ ní Bódìjà, àti Àgbowó lọ́kánkán ẹnu ọ̀nà Yunifásítì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rìn kiri ní ìrọ̀lẹ́. Fún ẹgbẹ́ ìlù ìbílẹ̀, gbangba iwájú Gbọ̀ngàn Mápó lẹ́wà púpọ̀, bí ẹ bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o. Ọgbà Àgódì náà dára fún ọjọ́ Àìkú, àmọ́ ọwọ́ àwọn alákòóso ọgbà ni àṣẹ wà.

## Àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ rí, àti bí ẹ ṣe máa tò wọ́n

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì ńlá tó wá fi ìwé dẹ́rù ba ìyálọ́jà kì í pẹ́ níbẹ̀.

1. Ẹni tó ni iwájú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí kò tíì sí oníbàárà. Ẹ béèrè ohun tí kò fẹ́ kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́.

2. Ìyálọ́jà tàbí babalọ́jà, bí ibẹ̀ bá jẹ́ ọjà. Baálẹ̀ tàbí olórí ẹgbẹ́ onílé, bí ó bá jẹ́ àdúgbò. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ lè sọ báyìí pé: "Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Ọmọ yín ni wá, olórin ni wá. Wákàtí kan àbọ̀ la fẹ́ máa lò níbí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a ò ní lo jẹnẹrétọ̀, a ò ní dí ọ̀nà, a ó sì gbálẹ̀ kí a tó lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ wò ó. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, a ó lọ." Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ṣe pàtàkì. Ó rọrùn fún àgbà láti gbà fún ohun tó ní òpin.

3. Ìjọba ìbílẹ̀. Márùn-ún ló wà nínú ìlú Ìbàdàn gan-an: Àríwá, Àríwá Ìlà-Oòrùn, Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ mọ èyí tí ibi yín wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ lẹ́tà, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń pín òmíràn níyà. Lẹ́tà ojú ìwé kan ti tó: orúkọ ẹgbẹ́, iye èèyàn, ibi, ọjọ́, àkókò, irinṣẹ́, nọ́ńbà fóònù agbẹnusọ. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n lè fi òǹtẹ̀ lù ú pé àwọn ti gbà á. Òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ ó máa mú jáde.

4. Àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ ibẹ̀ jù. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ lọ fún DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, kí wọ́n lè mọ̀ yín. Ẹ má fi èyí ṣe àkọ́kọ́.

Ìkìlọ̀: Àwọn ọmọ ìta lè dé ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí wọ́n ní àwọn ló ni ibẹ̀. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ owó lójú wọn. Agbẹnusọ ni kó sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìyálọ́jà ló gbà wá síbí, ẹ jẹ́ ká jọ lọ rí wọn." Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ padà lọ bá ẹni tó fún yín láyè. Gángan ṣeé rà, orí onígángan kò ṣeé rà.

Ìkìlọ̀ kejì ni ti ọ̀nà ọkọ̀. Bí agbo yín bá ti dá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ OYRTMA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ lójú títì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lẹ́tọ̀ọ́ láti lé yín, lẹ́tà yòówù kí ẹ ní. Kí elégbè máa wo ẹ̀yìn agbo nígbà gbogbo, bí ó bá ti ń súnmọ́ ọ̀dà, kó pe àwọn èèyàn wọlé.

## Ohùn àti irinṣẹ́

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ láìlo sípíkà kankan. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Bẹ́ẹ̀ ni agbo tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù ṣe ń tú, nítorí onísọ́ọ̀bù tí kò gbọ́ ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń sọ ni yóò kọ́kọ́ lé yín. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, náà ní ìlànà lórí ariwo, tí wọ́n gbé jáde ní 2009, ẹnikẹ́ni tí inú bá ń bí sì lè fi í mú yín. Bí ohùn akọrin bá kéré lóòótọ́, ẹ lo sípíkà kékeré oníbátìrì kan fún ohùn rẹ̀ nìkan. Ẹ má fi gbohùngbohùn síwájú ìlù. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ wá rárá. Ariwo rẹ̀ á pa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, èéfín rẹ̀ á lé èèyàn.

Ọ̀rọ̀ gángan gba sùúrù. Awọ ewúrẹ́ ni ojú rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́, á rọ̀, ẹ ó máa fún ọ̀sán (okùn awọ tó so ojú méjèèjì pọ̀) títí apá á fi máa ro yín, ìlù á sì máa dáhùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹ dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Ẹ kọ ojú ìlù sí oòrùn ìrọ̀lẹ́, kí ẹ máa yí i padà, ojú kan kó má yá ju èkejì lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi kọ̀ǹgọ́ kàn án láìfún ọ̀sán: ó yẹ kó dún *dò* tó mọ́, tí kò gbọ̀n. Ẹ fún un díẹ̀, kó dé *re*. Ẹ fún un dáadáa, kó dé *mí* láìhá. Bí *mí* bá ń bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tú apá sílẹ̀, awọ ò tíì yá. Ẹ ní sùúrù, ẹ má fi ipá fà á, ọ̀sán lè já. Fún gúdúgúdú, ẹ ṣọ́ ìda ojú rẹ̀. Oòrùn tó mú jù á yọ́ ọ.

Ẹ má fi ìlù sínú búùtù ọkọ̀ tí oòrùn ń pa látàárọ̀. Ẹ má sì gbé e lé ilẹ̀ ọ̀dà. Ẹní tàbí aṣọ ni kí ẹ tẹ́.

## Bí ìṣẹ́jú 40 ṣe ń lọ

1. Ìṣẹ́jú 0 sí 5. Gángan nìkan, kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé bá a. Ẹ má kọrin, ẹ má sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà bọ̀ ni kí ẹ kọjú sí, kí ẹ má kọjú sí ara yín.

2. Ìṣẹ́jú 5 sí 12. Orin tí gbogbo ayé mọ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá ti dúró lókèèrè, kí elégbè lọ bá wọn pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ súnmọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀." Ibi tí àwọn mẹ́ta yìí bá dúró sí ni gbogbo agbo yóò tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá jìnnà, agbo á jìnnà. Ẹlòmíràn máa ń fi ìyẹ̀fun funfun fa ilà sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́.

3. Ìṣẹ́jú 12 sí 25. Orin tiyín, méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ dárúkọ ẹgbẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ dárúkọ ọjọ́ yín lẹ́ẹ̀kan.

4. Ìṣẹ́jú 25 sí 32. Orin tó gbóná, tó ní ègbè kúkúrú. Ẹ kọ́ wọn ní ègbè náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ kan bá ń wo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láìṣẹ́jú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí ẹ gbé e fún un fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

5. Ìṣẹ́jú 32 sí 34. Owó. Kí orin tó kẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ ó sọ ọ́, nítorí bí orin bá ti parí, agbo á tú kí ẹ tó la ẹnu.

6. Ìṣẹ́jú 34 sí 40. Orin ìkẹyìn, èyí tó dára jù.

Ẹ sinmi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ mu omi, ẹ dáhùn ìbéèrè, ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

## Owó: bí ẹ ṣe máa gbà á, bí ẹ ò ṣe ní gbà á

Ohun tí agbẹnusọ máa sọ kò gbọdọ̀ gùn: "Ẹ̀yin èèyàn wa, iṣẹ́ wa nìyí. Orin kan ló kù. Bí ohun tí ẹ gbọ́ bá dùn mọ́ yín nínú, apẹ̀rẹ̀ wà níwájú, nọ́ńbà àkáǹtì wà lára pátákó. Ẹni tí kò bá ní lónìí, kó má lọ o, kó dúró gbọ́ èyí tó kù." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ń yọ yín kúrò nínú agbe.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n náwó lé yín lórí. Mo mọ̀ pé àṣà wa ni, mo mọ̀ pé ó máa ń dùn. Ṣùgbọ́n apá 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé fífọ́n náírà síni lára, jíjó lórí rẹ̀ tàbí títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní 2024, àjọ EFCC gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ọ̀kan sì lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6. Gbangba títì lẹ̀yin wà, gbogbo fóònù ló sì ń yà yín. Bí ẹnì kan bá mú owó jáde tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ yín níwájú orí, ẹ tẹ̀ ba fún un, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé apẹ̀rẹ̀ sókè. Kò ní bínú. Ẹ ti fi ọ̀wọ̀ gbà á.

Ní ti apẹ̀rẹ̀ àti àkáǹtì:

- Ẹ fi owó díẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ òfìfo máa ń tijú.
- Kí apẹ̀rẹ̀ wà láàárín ẹ̀yin àti agbo, níbi tí ojú méjì yín ti ń rí i.
- Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì (díjíìtì 10), orúkọ báńkì àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì gàdàgbà sórí pátákó. Bí orúkọ tó jáde lórí fóònù wọn bá yàtọ̀ sí ti orí pátákó, wọn ò ní fi owó náà ránṣẹ́.
- Àkáǹtì ẹgbẹ́ ni kó jẹ́, kì í ṣe ti olórí ẹgbẹ́.
- Bí ẹnì kan bá ní òun fi owó ńlá ránṣẹ́, tó wá ń béèrè ṣéńjì, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín fúnra yín. Àlááàtì inú mẹ́sẹ́ẹ̀jì àti àwòrán tó fi hàn yín kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ ka owó lójú gbogbo ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ yọ owó ọkọ̀ gbogbo èèyàn kúrò, ẹ yọ ìdá mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún awọ, ọ̀sán àti okùn gìtá, kí ẹ wá pín èyí tó kù. Kí ìpín olórí ẹgbẹ́ má ju ti ẹlòmíràn lọ ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí mo mọ̀ tó tú, orí pípín owó ló ti tú. Ìgbà tí èrò wọn pọ̀ jù lọ náà sì ni.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Lílé èèyàn kiri pẹ̀lú gángan. Èyí ló ba orúkọ onílù jẹ́ jù lọ nílùú yìí. Ẹnì kan ń jáde ní báńkì, ẹ ti rọ̀ mọ́ ọn, ẹ ń kì í, ẹ ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ ò mọ̀ bóyá òkú ló kú fún un. Á fi owó ra ara rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní gbàgbé. Ẹni tó sanwó kí ẹ lè lọ kò ní wá gbọ́ orin yín mọ́. Ẹ dúró lójú kan. Bí ẹnì kan bá wá bá yín fúnra rẹ̀ tó sọ oríkì rẹ̀, ẹ kì í dáadáa, kí ẹ tẹsẹ̀ bọ orin padà.

Kíki olóṣèlú. Ẹ máa rí owó lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa pàdánù ìdajì agbo títí láé.

Fífi ọmọdé gbowó. Ẹ má ṣe é.

Títẹ́wọ́ gba ọtí lójú agbo. Ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fífi ojú àwọn èèyàn síta láìtọrọ. Bí ẹ bá ń ya fídíò, ara yín ni kí ẹ kọjú fóònù sí. Ìyá tó sọ pé òun ń lọ sílé ìwòsàn kò fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tó ti ń jó.

Pípa ọ̀sẹ̀ kan jẹ nítorí òde. Bí òde bá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ẹ rán èèyàn méjì lọ dúró síbi yín, ì báà jẹ́ gángan kan àti ohùn kan. Bí ẹni tó wá láti Mọ́kọ́lá bá bá òfìfo lẹ́ẹ̀mejì, kò ní padà wá mọ́.

## Láti títì wọ inú gbọ̀ngàn

Bí ẹ bá ti lo oṣù méjì tí ojú kan náà ń padà wá, ó tó àkókò.

1. Ẹ ní ìwé kan tí ẹni tó bá fẹ́ lè kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ẹ fi WhatsApp kàn sí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

2. Ẹ lọ bá ẹni tó ni ilé oúnjẹ tó súnmọ́ ibi yín jù. Ó ti ń rí i pé àwọn tó wá gbọ́ yín ń ra omi àti súyà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìrọ̀lẹ́ kan lóṣù. Ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́rin kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń pèsè iná, ta ló ń gba owó ẹnu ọ̀nà, kí ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan, ta ló ń bọ́ ẹgbẹ́.

3. Ẹ fún ẹgbẹ́ mìíràn ní ìṣẹ́jú 15 lójú agbo yín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ pín Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin láàárín ẹgbẹ́ mẹ́rin: àpàlà lọ́sẹ̀ yìí, agídìgbo lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ onígìtá lẹ́yìn wọn, ìlù Àyàn ní ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n ń rò pé wọ́n á gba ibi mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan ṣoṣo kò lè mú kí èèyàn máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan. Ibi ni wọ́n ń wá. Bí ẹ bá jẹ́ kí ibi náà ní orúkọ, orúkọ yín ló ṣáájú níbẹ̀.

4. Bí ẹ bá gba orin olórin mìíràn sílẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé e sórí YouTube, ẹ gba àṣẹ ẹni tó ni ín. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 ló wà lójú iṣẹ́ báyìí, MCSN sì ni ẹgbẹ́ tó ń gba owó orin fún ọ̀pọ̀ olórin. Ẹ forúkọ orin tiyín náà sílẹ̀.

## Bí títì ò bá ṣeé ṣe

Wọ́n lè lé yín. Àdúgbò mìíràn kò fẹ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà:

- Ọjọ́ ọjà aṣọ òfì ní Òjé. Àwọn oníṣòwò ń wá láti ìlú mìíràn. Ẹ bá olórí ọjà sọ̀rọ̀, kí ẹ ṣeré lẹ́yìn tí ọjà bá ti ń tú, kì í ṣe nígbà tí owó ń lọ lọ́wọ́.
- Ọdún Òkèbàdàn ní oṣù kẹta. Gbogbo ìlú ló wà lójú títì pẹ̀lú orin. Ẹ tẹ̀ lé ohun tí àwọn àgbà bá sọ, ẹ má sọ ọ́ di ti ara yín.
- Oṣù Ààwẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ dá ẹgbẹ́ ajísààrì àdúgbò yín sílẹ̀ padà. Ibi wéré, orin tí wọ́n fi ń jí èèyàn ní sààrì, ni Sikiru Ayinde Barrister ti bẹ̀rẹ̀ kí fújì tó dé. Ẹ sọ fún alága àdúgbò àti àwọn ọlọ́dẹ kí ẹ tó jáde, nítorí òru ni.
- Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé oúnjẹ tàbí ilé ìkàwé nígbà òjò. Èèyàn á dín, ṣùgbọ́n wọ́n á jókòó.

## Ẹ wò ó kí ẹ tó kúrò nílé

- Lẹ́tà olóǹtẹ̀ àti ẹ̀dà rẹ̀ kan
- Pátákó: orúkọ ẹgbẹ́, ọjọ́ yín, nọ́ńbà àkáǹtì
- Apẹ̀rẹ̀ àti owó tí ẹ ó fi ṣí i
- Kọ̀ǹgọ́ àpọ̀jù, ọ̀sán àpọ̀jù, okùn gìtá
- Ẹní, ọ̀rá ńlá fún òjò, aṣọ tí ẹ ó fi nu ojú ìlù
- Omi mímu
- Ìwé owó, ìwé nọ́ńbà, bírò méjì
- Ìgbálẹ̀ àti àpò ìdọ̀tí